Ìwọ Ta Nìyẹn? Ọ̀rọ̀ Iná àti Ọkọ̀ Òru Lójú Òkun Accra

Kò sí irú iná tí ènìyàn ń wá tí kò ní rí ní ọjà Makola. Tọ́ọ̀ṣì tó wọ inú àpò ṣẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń dè mórí wà níbẹ̀, àtùpà tó ń gba agbára lára oòrùn náà wà níbẹ̀. Bí èyí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, rọra gba Okaishie kọjá bọ́ sí Opera Square, wọn á máa tú páálí iná fún ọ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan ni mo jókòó ti màmá kan tó ń ta ọṣẹ dúdú nínú ọjà náà. Alata samina ni àwọn ará Gánà ń pe ọṣẹ yìí. Alata náà ni wọ́n ń pe Yorùbá ní Accra láti ayébáyé. Títí dòní, àdúgbò kan wà ní James Town tó ń jẹ́ Ngleshie Alata. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá màmá yìí ti wá, ọmọ Ga, ẹ̀yà tó ni Accra, ni ìyá rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ ará ilé bàbá rẹ̀ di ẹrù wọn, wọ́n padà sílé. Òun àti ìyá rẹ̀ dúró. Ó gbọ́ Ga, ó gbọ́ Twi, Yorùbá rẹ̀ sì dá ṣáká.

Apẹja kan yà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin tó ń ta tọ́ọ̀ṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó mú ọ̀kan, ó tàn án sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó pa á, ó tún un tàn, ó gbé e sétí, ó mì ín wò bóyá nǹkan kan ti tú nínú rẹ̀. Mo ní kí màmá bá mi bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe.

"Ó ní òun fẹ́ máa fi wo inú àwọ̀n ni, àti ojú ẹ́ńjìnnì."

"Ẹ bá mi bi í, Màmá: bí ọkọ̀ ńlá bá ń bọ̀ lóru, ṣé ó máa ń tàn án kí wọ́n lè rí i?"

Ọkùnrin náà ti ń rẹ́rìn-ín kí màmá tó sọ ọ́ tán. Ó fèsì, ó sanwó, ó lọ. Màmá yíjú sí mi.

"Ó ní ta ló fẹ́ kí wọ́n rí òun lójú òkun lálẹ́."

Àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Àwọn àgbà ní òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀, òun ló dífá fún "Ìwọ ta nìyẹn?" Ẹni tó bá pàdé bàbá rẹ̀ níbi tó ṣókùnkùn lè pè é ní "ìwọ", kò sì ní jẹ̀bi. Ìdí nìyẹn tí ọmọlúàbí fi máa ń wúkọ́ kó tó wọ agbo ilé lóru, tí ẹni tí wọ́n bá sì ké sí á yára dáhùn pé "Èmi ni o." Lójú omi, ẹ́ńjìnnì kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ikọ́, ìgbì sì ń gbé ohùn mì. Iná ló kù tó lè sọ fún ẹlòmíràn pé èmi ni o, ibi báyìí ni mo wà, ibi báyìí ni mo forí lé. Ẹni tó bá fi tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ àga kò tíì dáhùn.

Ọkọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án

Lọ́jọ́ kejì, mo sọ̀ kalẹ̀ láti Makola, mo gba Ussher Town lọ sí etí òkun. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan ọjọ́ náà ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, àwọn Ga kì í sì í lọ pẹja ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ ìsinmi òkun ni. Gbogbo ọkọ̀ ló wà lórí iyanrìn, àwọn ọkùnrin jókòó yí àwọ̀n ká, wọ́n ń dí ibi tó ya.

Lókè orí wọn ni ilé iná James Town dúró sí, pupa òun funfun. Ọdún 1871 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ kọ́ ilé iná síbẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí rọ́pò ti àkọ́kọ́ ní àwọn ọdún 1930. Ó ga ní mítà 28, wọ́n sì kọ́ ọ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè hàn dé máìlì orí omi 16. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bá ilẹ̀ dáhùn: èmi ni Accra, má ṣe forí sọ mí. Mo wo àwọn ọkọ̀ tó tò lọ sísàlẹ̀ rẹ̀, mo ń wá èyí tó ní ohun tí yóò fi dá a lóhùn.

Àwọn ọkọ̀ náà wu ojú. Igi tí àwọn ará Gánà ń pè ní wawa ni wọ́n fi ń ṣe wọ́n, igi kan náà tí àwa ń pè ní arère. Wọ́n á gbẹ́ ìtì ńlá kan nínú, wọ́n á wá fi pákó gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga. Lẹ́yìn náà ni ọlọ́dà yóò dé. Ara ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kún fún àwọ̀, orúkọ, ẹsẹ Bíbélì, òwe, àwòrán ẹja, àmì ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Àsíá sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí òpó. Ẹni tó bá mọ èdè wọn kò nílò kó béèrè ẹni tó ni ọkọ̀. Láti òkèèrè ni yóò ti mọ ilé tó ti jáde, ohun tí ẹni náà gbàgbọ́, àti ọ̀tá tó ń pòwe mọ́.

Bí oòrùn bá ti wọ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dákẹ́. Ọ̀dà kì í tàn. Ọkọ̀ tó ń kígbe orúkọ ara rẹ̀ lọ́sàn-án di igi dúdú lórí omi dúdú, bẹ́ẹ̀ ènìyàn mẹ́wàá sì lè wà nínú rẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n ń rìn láìtanná?

Ó rọrùn láti jókòó sí ìgboro kí a sọ pé àìmọ̀kan ni. Àgbàlagbà kan tí mo bá lábẹ́ àtíbàbà kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹja ní Badagry nígbà èwe rẹ̀, ó ṣì ń sọ Yorùbá díẹ̀díẹ̀, ó sì ka ìdí rẹ̀ fún mi lórí ìka.

Àkọ́kọ́ ni ojú. Ní òru tí òṣùpá kò sí, omi òkun máa ń tàn níbi tí ẹja bá ti ń rú u, nítorí àwọn ẹ̀dá wínníwínní kan wà nínú omi tó ń yọ ìmọ́lẹ̀ bí nǹkan bá kàn wọ́n. Apẹja tó mọṣẹ́ á dúró síwájú ọkọ̀, á máa tẹjú mọ́ òkùnkùn títí yóò fi rí ibi tó ń tàn, kó tó ní kí wọ́n da àwọ̀n. Tọ́ọ̀ṣì kan péré lè ba ojú yẹn jẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti wọ ojú ènìyàn, ó tó ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ojú náà tó tún mọ òkùnkùn lò dáadáa.

Èkejì ni epo. Pẹtiróòlù tí wọ́n po mọ́ ọ́ìlì ni ẹ́ńjìnnì wọn ń mu, kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Nígbà tí fìtílà oníkẹrosíìnì nìkan wà, ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí fìtílà àti epo wọ ọkọ̀ kan náà. Tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì ti dé, ẹ̀rù iná ti tán, àṣà òkùnkùn ni kò tíì lọ.

Ẹ̀kẹta ló ta kókó jù. Àwọn apẹja kan wà tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ọkọ̀, tí wọ́n ń so gílóòbù ńláńlá sójú omi. Ẹja á rọ́ wá síbi ìmọ́lẹ̀, àtàgbà àtọmọ, wọ́n á sì fi àwọ̀n kó gbogbo wọn. Ìlànà ẹja pípa tí Gánà ṣe ní ọdún 2010 ka èyí léèwọ̀, nítorí ṣáwá àti àwọn ẹja kéékèèké tí gbogbo etí òkun gbójú lé ń tán lọ. Àwọn ìyá tó ń yan ẹja náà kórìíra rẹ̀. Wọ́n ní ẹja iná kì í pẹ́ bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ti ibẹ̀ yọ ni pé iná lójú òkun di ohun ìfura. Ẹni tó ń ṣe é ń sá fún ọkọ̀ ọmọ ogun ojú omi. Ẹni tí kò ṣe é kò fẹ́ kí wọ́n fi irú rẹ̀ pe òun. Mo wá mọ ohun tí ọkùnrin Makola fi ń rín ẹ̀rín yẹn.

Àgbàlagbà náà ká ìka rẹ̀ kò. "Àbúrò, ẹja ni wọ́n ń tanná fún. Ta ló ń tanná fún ènìyàn?"

Iná tí òfin béèrè

Iná tí òfin kà léèwọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí òfin béèrè. Ti ẹja kọjú sí inú omi, ó sì lágbára gan-an. Ti ènìyàn kọjú sí àwọn tó ń rìn lórí omi, kò sì ju gílóòbù kékeré lọ.

Òfin tí gbogbo ayé fi ń yẹra fún ìforígbárí lójú òkun ni wọ́n fọwọ́ sí ní 1972, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje ọdún 1977. Ó mú ọkọ̀ onírin tó gùn ju pápá bọ́ọ̀lù lọ, ó sì mú ọkọ̀ tí ènìyàn kan ń fi àjẹ̀ wà. Ọkọ̀ tó ń fi ẹ́ńjìnnì rìn á gbé iná pupa sí ẹ̀gbẹ́ òsì, iná àwọ̀ ewé sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, àti funfun. Kò ṣòro láti kà. Bí o bá rí pupa nìkan, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ lò ń wò. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ewé nìkan, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni. Bí o bá rí méjèèjì pa pọ̀, ìwọ gan-an ló kọjú sí, tètè yà. Ọkọ̀ tó ń wọ́ àwọ̀n ńlá nínú omi á gbé àwọ̀ ewé lé funfun lórí. Èyí tó ń fi àwọ̀n irú mìíràn pẹja á gbé pupa lé funfun. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí kò gùn tó mítà méje, tí kò sì lè sáré ju máìlì orí omi méje lọ ní wákàtí kan, iná funfun kan tó hàn yíká ti tó fún un. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ James Town gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 40 ló sì wà nídìí wọn. Iná aláwọ̀ kàn wọ́n.

Ọkọ̀ àjẹ̀ ńkọ́, àti kayak, ọkọ̀ tín-ín-rín oníjòkòó kan tàbí méjì tí àwọn olùgbafẹ́ ń wà? Òfin ṣàánú wọn. Bí wọn kò bá gbé iná aláwọ̀, kí wọ́n ní tọ́ọ̀ṣì tàbí fìtílà funfun ní àrọ́wọ́tó, kí wọ́n sì tàn án lásìkò tí yóò fi dènà ìkọlù. Ọ̀rọ̀ méjì ló gbé òfin yẹn dúró: àrọ́wọ́tó, àti lásìkò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò àsìkò yẹn wò. Ọkọ̀ ẹrù tó forí lé Tema lè máa sáré máìlì orí omi 15 ní wákàtí kan. Iná funfun ọkọ̀ kékeré gbọ́dọ̀ hàn dé máìlì méjì. Bí tìrẹ bá ń tàn, ẹni tó wà lókè ọkọ̀ ńlá yẹn ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ láti ìgbà tó bá rí ọ títí dé ìgbà tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bí o bá dúró títí tó fi ku ìdajì máìlì kí o tó máa wá tọ́ọ̀ṣì kiri, ìṣẹ́jú méjì ló kù fún ẹ̀yin méjèèjì, ọkọ̀ irú ìyẹn kì í sì í dúró ní ìṣẹ́jú méjì. Má gbójú lé radar rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń wá ohun tí ojú kò rí. Igi kì í hàn sí radar bí irin, ìgbì sì lè bo ọkọ̀ pẹlẹbẹ mọ́lẹ̀.

Òfin Gánà ya òkun tó sún mọ́ ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ kéékèèké. Máìlì orí omi mẹ́fà ni tẹ́lẹ̀. Òfin ẹja tuntun ti 2025 fà á dé méjìlá. Ìròyìn ayọ̀ ni fún àwọn tí trọ́là, ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n, ti fa àwọ̀n wọn ya rí. Àmọ́ ààlà ojú omi kò ní ògiri. Bí trọ́là bá ṣìnà wọ inú rẹ̀ lóru, ìmọ́lẹ̀ onílé ló lè sọ fún un pé ó ti wọ àgbàlá ẹlòmíràn.

Láti Makola dé Makoko

Kí ọmọ Nàìjíríà má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Gánà ni mò ń sọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ tó ń gbé èrò ìgbéyàwó bọ̀ láti Egboti ní ìpínlẹ̀ Niger wá sí agbègbè Patigi ní Kwara kọlu ìtì igi nínú odò Ọya ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá a lọ. N kò ní sọ pé tọ́ọ̀ṣì nìkan ì bá gbà wọ́n là. Èrò pọ̀ jù nínú ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n a kì í yẹ̀ fún ìtì igi tí a kò rí.

Ní Èkó, àjọ LASWA tó ń mójú tó ọ̀nà omi ti fòfin de ọkọ̀ akérò láti máa rìn lóru. Òfin náà dára. Síbẹ̀, ẹni tó ń gbé aboyún jáde láti Makoko láàjìn kì í wo aago, ọlọ́sà tó ń wo ìgèrè rẹ̀ náà kì í wò ó.

Èmi náà ti wà nínú òkùnkùn yẹn rí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ló ń ti òdìkejì ọ̀sà bọ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́, ilẹ̀ ti ṣú, bàbá kan ń fi àjẹ̀ tù wá. A gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì kí a tó mọ ibi tó ti ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pariwo pé, "Bàbá, ẹ tanná!" Bàbá ní tọ́ọ̀ṣì lóòótọ́, tọ́ọ̀ṣì tó dára, ṣùgbọ́n abẹ́ àpò gààrí ló wà. Ó fi àjẹ̀ sílẹ̀, ó ń yẹ àpò. Ọkọ̀ oníyára náà ré kọjá níwájú wa bí ìgbà tí ènìyàn fa aṣọ ya, ìgbì rẹ̀ sì da omi dé orúnkún sínú ọkọ̀ wa. Ìgbà náà ni bàbá rí tọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó tàn án. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó nínú omi, a ń wo bí ó ti mọ́lẹ̀ tó.

Ohun tí ó yẹ kó wà lọ́wọ́

Látìgbà náà ni mo ti ń wo ọwọ́ atukọ̀ kí n tó wọ ọkọ̀ rẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì méjì ló yẹ kó wà, kì í ṣe ọ̀kan, nítorí iyọ̀ òkun kì í fojú rere wo bátìrì. Àgbàlagbà James Town fi tirẹ̀ hàn mí: ó fi ọ̀rá tó mọ́ gaara wé e lẹ́ẹ̀mejì, ó fi rọ́bà dè é lọ́rùn, ó sì so okùn rẹ̀ mọ́ igi ìdábùú ọkọ̀ níbi tí ọwọ́ ẹni tó ń darí yóò ti bà á láìwò. Ó fi ọ̀rá pupa bo ojú tọ́ọ̀ṣì kejì. Èyí ló fi ń wo àwọ̀n àti ẹ́ńjìnnì, nítorí iná pupa tó rọra tàn kì í fi bẹ́ẹ̀ ba ojú òru jẹ́. Ọ̀rá tó bo tọ́ọ̀ṣì yẹn ló fi yanjú ìdí àkọ́kọ́ tó kà fún mi.

Iná tí wọ́n ń dè mórí wúlò fún iṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe iná ọkọ̀. Bí o bá yíjú sẹ́yìn, iwájú rẹ ti ṣókùnkùn. Bí o bá sì wo ẹnìkejì rẹ, o ti fọ́ ọ lójú. Àwọn tó ń wa kayak máa ń so iná funfun mọ́ ọ̀pá lẹ́yìn wọn kó lè ga ju orí lọ, nítorí ẹni tó jókòó sílẹ̀ lórí omi, ara rẹ̀ ló ń dí iná mọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Téèpù tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, irú èyí tó wà lẹ́yìn tirela, dára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, lójú àjẹ̀ àti lára láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Fèrè kí ó wà lọ́rùn, kì í ṣe nínú àpò. Òfin òkun fẹ́ kí ọkọ̀ kékeré pàápàá ní ohun tí yóò fi pariwo.

Bí ewu bá dé, àmì rẹ̀ yàtọ̀. Tan iná ní ìgbà kúkúrú mẹ́ta, gígùn mẹ́ta, kúkúrú mẹ́ta, kí o dúró díẹ̀, kí o tún un ṣe. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, na apá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí o máa gbé wọn sókè sódò, díẹ̀díẹ̀. Nọ́ńbà pàjáwìrì ní Gánà ni 112. Fóònù tó wà nínú ọ̀rá ló ṣeé fi pè é. Kó o tó kúrò létí omi, sọ aago tí wọ́n máa retí rẹ fún ẹnì kan, kí ẹni náà sì jẹ́ ẹni tí kì í tètè sùn.

Púpọ̀ nínú èyí kò wọ́n. Ohun tó kù ni kí ó di àṣà, ibẹ̀ sì ni agbára wà lọ́wọ́ ẹni tí àwọn Ga ń pè ní woleiatse, olórí apẹja. Bó bá ní kí ọkọ̀ má jáde, ọkọ̀ kì í jáde. Bí wọ́n ti ń dí àwọ̀n ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yẹ iná wò pẹ̀lú rẹ̀. Kí woleiatse sì là á mọ́lẹ̀ fún gbogbo etí òkun pé gílóòbù inú omi lèèwọ̀, pé ẹni tó gbé iná funfun sókè kì í ṣe ọ̀daràn.

Mo padà sí Makola lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ra tọ́ọ̀ṣì méjì àti fèrè kan. Màmá ọlọ́ṣẹ wò mí títí. "Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ di apẹja ni?" Mo ní rárá o, Màmá, ọ̀rẹ́ mi kan ni mo fẹ́ fún.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó bá àgbàlagbà náà. Ó gba fèrè, ó fi kọ́rùn. Ó gba tọ́ọ̀ṣì kan, ó ní òun á kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ó ní kì í ṣe ojú ẹni tó ń bọ̀ ni kí n máa tàn án sí, nítorí ẹni tí iná wọ̀ lójú kò ní mọ ohun tó ń wò. Ilẹ̀ ti ṣú pátápátá nígbà yẹn, àwọn ọkọ̀ ti di òkìtì dúdú lórí iyanrìn, n kò mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Ó na ọwọ́ jáde, ó yí tọ́ọ̀ṣì náà padà, ó tàn án sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ara rẹ̀. Pupa jáde, yẹ́lò jáde, lẹ́yìn náà ni orúkọ tí ọlọ́dà kọ síbẹ̀ jáde, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì: Nyame Adom, oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run.

"Ìwọ ta nìyẹn?" ni mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi ni o."